Ọjọ́ Tí Mo Gbá Ìrántí Ẹ̀rọ Dànù

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fi àyà síwájú wọ ọgbà ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìdànrè, bí ẹni pé èmi ni mo dá ibẹ̀ sílẹ̀. N kì í ṣe dókítà, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì; abẹ́rẹ́ lásán ń bà mí lẹ́rù títí di òní. Kọ̀ǹpútà wọn ni mo ń tọ́jú. Mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, mo ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Èkó, mo ti padà wálé, mo sì gbà lọ́kàn ara mi pé láti ẹsẹ̀ òkè títí dé Atosin, kò sí ẹni tó mọ ohun tí mo mọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá nìkan sáré, òun ló ń gba ipò kìíní. Òun náà ló ń gba ipò ìkẹyìn, àfi pé kì í rántí sọ ìyẹn nílé.

Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò tóbi ju ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí lọ. Ká má purọ́, ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń kùn tọ̀sán-tòru bí oyin nínú ihò igi. Èkíní ni ẹ̀rọ ẹnu-ọ̀nà: òun ni kọ̀ǹpútà àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí wọ́n tó lè rí ohunkóhun. Èkejì ni ẹ̀rọ káàdì, níbi tí gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn mọ̀ nípa àwọn aláìsàn àti àwọn aboyún wà. Ẹ̀kẹta ń tọ́jú ẹ̀dà ohun tó wà nínú èkejì. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti ilé oògùn. Kí n tó dé, káàdì ìwé ni wọ́n ń lò, tí ikán ń jẹ létí, tí òjò sì máa ń gba ìpín tirẹ̀ nínú wọn lọ́dọọdún. Èmi ni mo bẹ mátíróònù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù kó tó gbà pé kí a tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí a sì dáná sun àwọn ti ìwé.

Mátíróònù yìí, obìnrin gíga kan ni, ọmọ ìjọ Àgùdà, tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í dẹ́kun àwàdà. "Ẹnjiníà" ló máa ń pè mí, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe oyè ló fi ń dá mi lọ́lá. Lọ́jọ́ tí a sun àwọn káàdì ìwé, ó dúró ti iná náà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ̀rí ti jóná o. Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè dì mú." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni.

Nítorí pé mo tún ní iṣẹ́ mìíràn ní Àkúrẹ́, mo gba ọmọ-ọ̀dọ̀ kan tí yóò máa bá mi tọ́jú ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe ènìyàn. Sọ́fítíwíà kan ni, irú èyí tó ń bá ènìyàn to ẹ̀rọ, tó ń gbé e dúró, tó sì ń tún un ṣe. Èmi yóò kọ ohun tí mo ń fẹ́ sínú ìwé àṣẹ kan: ẹ̀rọ mẹ́rin, iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe, bí ikùn rẹ̀, níbi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ọmọ-ọ̀dọ̀ yóò kà á, yóò sì ṣe é. Ohun tó jẹ́ kí ó wúlò ni pé òun náà ní ìwé ìrántí tirẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń kọ síbẹ̀. Nígbà tí mo bá tún pè é, yóò kọ́kọ́ wo inú ìwé yìí: mo ti ṣe èyí, mo ti ṣe tọ̀hún, èyí ló kù. Bí iṣẹ́ kò bá kù, yóò jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó di àlejò nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ojú rẹ̀ là kedere, kò kàn dá ògiri kankan mọ̀ ni.

Mo mọ gbogbo èyí lónìí. Nígbà náà, ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń jẹ èrè iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ náà láìmọ̀ pé ó ní ìwé kankan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbọ́ pé àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà náà ti gbé tuntun rẹ̀ jáde. Tèmi kò bàjẹ́ o. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Èkó ti ń lo tuntun, ta ni yóò wá sọ pé ará Ìdànrè ló gbẹ́yìn? Mo pinnu pé n óò pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹrẹu.

Ibi tí ìwà ilé ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ìyá mi, Aládùúrà títí dé egungun, tọ́ wa dàgbà pẹ̀lú òfin kan: a kì í tẹ́ ẹní tuntun lé orí ògbólógbòó. Nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, kí agogo ìsìn tó dún, gbogbo ilé ni a óò gbá, abẹ́ ibùsùn, orí àjà, ẹ̀yìn ìkòkò. Ìyá mi yóò gbé nǹkan sókè, yóò bi wá pé, "Kí ni èyí ń ṣe nílé yìí?" Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá lè sọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bá ìdọ̀tí jáde. Bẹ́ẹ̀ ni bàtà bàbá mi kan ṣe lọ ní ọdún kan tí ó pẹ́ nílé ìwẹ̀, tí kò ráyè dáhùn. Nítorí náà, kí n tó gbé sọ́fítíwíà tuntun wọlé, mo ṣí ibi tí ti àtijọ́ ń gbé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Mo pa èyí rẹ́, mo pa tọ̀hún rẹ́. Mo wá kan fáìlì kan tí n kò ṣí rí. Mo ṣí i. Nọ́ńbà àti àmì ló kún inú rẹ̀ gbìrìgbìrì, bí ibi tí adìyẹ ti tú erùpẹ̀. Mo béèrè ìbéèrè ìyá mi lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dáhùn. Mo gbá a jáde. Mo tún da apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà nù, torí ìyá mi sọ pé a kì í gbálẹ̀ tán ká kó ìdọ̀tí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà mo gbé tuntun wọlé, ara mi sì fúyẹ́ bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ọmọ-ọ̀dọ̀ tuntun jí. Èdè òyìnbó ló ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tó wí kò le láti túmọ̀. Ó ní, "N kò rí ohun kankan tí mo ti ṣe rí. Mo fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ mẹ́rin. Ṣé kí n máa lọ?" Ojú mi kà á, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé, ẹ wo akíkanjú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ti fẹ́ ṣe mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kó máa lọ. Mo gbé ife omi.

Ohun tí n kò rántí ni pé kí ọmọ-ọ̀dọ̀ yìí tó kọ́ ẹ̀rọ kan ní àkọ́tun, yóò kọ́kọ́ nu inú rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Omi kò tíì dé ọ̀fun mi tán tí nọ́ọ̀sì kan fi yọ orí wọlé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ mí mọ́." Mo bojú wo ohun tí ọmọ-ọ̀dọ̀ ń kọ sójú gíláàsì kọ̀ǹpútà: ẹ̀rọ kìíní, mo ti nù ún mọ́. Ó kan èkejì. Èkejì ni ẹ̀rọ káàdì. N kò lè sọ bí mo ṣe dé ara ògiri. Mo fa okùn iná yọ, gbogbo ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dákẹ́ wọ̀ọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọ yàrá yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn adìyẹ láti ìta.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ẹ̀rọ káàdì wà láìfarapa, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti wó, kò sí nọ́ọ̀sì tó lè wọlé débẹ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ nìkan ló lè tún ẹnu ọ̀nà kọ́ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí i, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí, yóò nu ẹ̀rọ káàdì, yóò sì bọ́ sórí ẹ̀kẹta tí ẹ̀dà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà tó yẹ kó gbà wá lọ́wọ́ ikú ti tò sórí ìlà ikú. Ká sì ní mo fẹ́ padà sí ti àtijọ́, mo ti gbá a jáde, òun náà kò sì ní rántí nǹkan kan.

Mátíróònù dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹnjiníà, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Nẹ́tíwọ̀kì ni, Mà."

Ó wo ọwọ́ mi. Okùn iná ṣì wà níbẹ̀, mo dì í mú bí ẹni di ìrù ewúrẹ́ mú. "Ṣé nẹ́tíwọ̀kì náà ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn?"

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ọjọ́ àwọn aboyún ni Ọjọ́bọ̀. Ó ní obìnrin kan ń bọ̀ láti Atosin, oyún rẹ̀ ti pé. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba àkọ́bí rẹ̀ ní ìlú mìíràn, oògùn kan tí wọ́n fún un níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Dókítà ibẹ̀ kọ orúkọ oògùn náà àti bí wọ́n ṣe gé ikùn obìnrin náà ránṣẹ́ sí wa. "A tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ rẹ, a sì sun ìwé náà, ìwọ lo ní ká sun ún. Dókítà wa tuntun kò rí obìnrin yẹn rí. Bí o bá sì bi obìnrin náà fúnra rẹ̀ léèrè oògùn wo ni, yóò ní oògùn funfun ni."

"Mà, mo máa tún un ṣe."

"N kò bi ọ́ bóyá o máa tún un ṣe. Bí káàdì yẹn kò bá ṣí ní Ọjọ́bọ̀, ìwọ ni wàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ fún un."

Ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti àwọn ẹ̀rọ tó dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, mo ń wò wọ́n, wọ́n ń wò mí. Ìgbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá àgbà, ń dúró dè mí. Àgbẹ̀ kòkó ni, èdè ilé wa ló máa ń sọ láìlábùlà. Mo kàn ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ níhìn-ín kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ni. Ó ní ọ̀la ni a óò rin ààlà oko aládùúgbò wa kan tó kú ní ìgbà òjò ọdún yẹn. Oko olóògbé bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ dúró fún bàbá mi.

"Bàbá, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

"Iṣẹ́ wo? Èyí tí o máa ń jókòó ṣe?"

Mo tẹ̀ lé e lọ ní kùtùkùtù. Ká sọ tòótọ́, sísá ni mo sá lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí olóko náà ní ti dé láti Èkó, ó wọ bàtà tó ń dán débi pé ewé ń rí ojú ara wọn nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú láìfi ibi tí oko bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí hàn án. Ó mú àdá tuntun lọ́wọ́, bébà ọjà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, lọ́jọ́ tí a bá ń rin ààlà oko ẹni tó kú, àdá kì í wọ oko. Ẹ̀bá ọ̀nà ni gbogbo ènìyàn ń to tirẹ̀ sí, àgbà àti èwe. Bàbá àgbà na ìka sí ilẹ̀.

"Gbé e síbẹ̀, ọmọ mi."

"Bàbá, ṣé ọwọ́ ni a óò fi ṣán igbó yìí?"

"Ta ló ní ká ṣán igbó? Ojú la mú wá."

A rìn. Ibi tí igi pèrègún bá wà, a óò dúró, nítorí pèrègún ni àwọn bàbá wa fi ń sàmì sí ààlà. Ọmọ olóko yóò fọwọ́ kan igi náà, yóò béèrè, "Ta ló ni ọ̀tún, ta ló ni òsì?" Ẹni tí oko rẹ̀ bá wà níbẹ̀ yóò dáhùn, ẹlòmíràn yóò jẹ́rìí, ọmọ yóò sì tún un wí kó má baà gbàgbé. Ìgbà tí a dé ibì kan tí ewéko ti bo gbogbo ilẹ̀, ó ní, "Èyí kò ní olóko, igbó lásán ni." Ìyá arúgbó kan tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà sọ pé, "Ojú rẹ ni igbó wà, àbúrò. Kòkó tí ìyá mi gbìn ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn." Ó fọwọ́ ya ewéko náà sọ́tọ̀. Kòkó náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó so mọ́ igi bí ọmọ mọ́ ẹ̀yìn.

A dé etí odò. Ọmọ náà ní bàbá òun ti sọ fún òun lórí fóònù rí pé odò ni ààlà àwọn. Bàbá àgbà tọ́ka sí òdìkejì omi, níbi tí pèrègún mẹ́ta tò sí nínú koríko. Ó ní, "Bàbá rẹ kò purọ́. Odò ló ṣí, oko kò ṣí."

Mo ti ń fi ọkùnrin Èkó yìí rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Mo fi bàtà rẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo fi àdá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ fi odò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ni Bàbá àgbà bá yí sí gbogbo wa, ó ní, "Ẹni tó gbàgbé ohun tó ní kò tíì di ẹni tí kò ní nǹkan. Ẹ kàn ràn án lọ́wọ́ kó rántí. Àmọ́ ẹni tó gbàgbé, tó wá mú àdá lọ́wọ́, ẹ sá fún un."

Ẹ̀rín mi já ní agbede méjì.

"Kí ló ṣe ọ́?" Bàbá àgbà ló béèrè.

Bí a ti ń padà bọ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. N kò fi nǹkan kan pamọ́, kódà mo sọ ti ẹní tuntun. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó ń fi ọ̀pá gbá ewé kúrò lójú ọ̀nà.

"Kó lè yé mi dáadáa," ó wí. "O gba ọmọ-ọ̀dọ̀ kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O gba ìrántí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O wá fún un ní àdá, o ní kó máa lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó rìn díẹ̀. "Wọ́n sì ń sanwó fún ọ?"

Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí mo fi padà dé ilé ìwòsàn. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí ẹni ń rin ààlà. Mo kọ́kọ́ ka ìwé ìlànà tuntun náà, gbogbo rẹ̀, títí kan àwọn ojú ìwé tí mo ti fò. Mo rí i pé ọ̀nà kan wà tí ọmọ-ọ̀dọ̀ lè gbà sọ ohun tó fẹ́ ṣe láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni ọ̀nà náà ti wà, a lè gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀ ká sì fi ojú sílẹ̀ fún un, n kò kàn béèrè rí ni. Mo tún rí i pé a lè sọ fún un pé, "Èyí ti wà kí o tó dé. Má kọ́ ọ, má nù ún. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ." Mo dá iná padà fún àwọn ẹ̀rọ láìjí ọmọ-ọ̀dọ̀, mo wá mú pépà àti bírò, mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ kejì, mo ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, mo wo ohun tó wà nínú rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kẹta, mo ṣe é fún ẹ̀kẹrin. Mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan han ọmọ-ọ̀dọ̀ bí a ti ń fi ìyàwó tuntun han àwọn àgbà ilé. Ó kọ wọ́n sínú ìwé ìrántí mìíràn.

Lẹ́yìn náà, mo bi í pé, "Bí mo bá ní kí o máa lọ báyìí, kí lo máa ṣe?"

Ó ní, "Ẹ̀rọ kẹta, kò sí iṣẹ́. Ẹ̀rọ kẹrin, kò sí iṣẹ́. Ẹ̀rọ kejì wà, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí o pa láṣẹ mu. Mo fẹ́ nù ún kí n sì tún un kọ́."

Mo wá ibi tí méjèèjì kò ti bára mu títí kí n tó rí i. Ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tí káàdì pọ̀ jù, èmi fúnra mi fọwọ́ fi ikùn tó tóbi jù sínú ẹ̀rọ kejì, n kò sì padà lọ tún ìwé àṣẹ mi kọ. Ìwé mi ṣì ń pe ẹ̀rọ náà ní ọlọ́mọge. Ẹ̀rọ ti di abiyamọ. Nígbà kan rí, n óò ti bínú sí ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ yẹn, odò ni mo rò. Mo tún ìwé kọ kó bá ohun tó wà nílẹ̀ mu, mo sì tún béèrè. Ó ní òun kò ní iṣẹ́ kankan lórí mẹ́ta, ẹ̀rọ kìíní nìkan ni òun kò rí, òun yóò kọ́ ọ.

N kò dá tẹ bọ́tìnì "máa lọ" náà. Mo lọ pe mátíróònù, mo ní kó wá jẹ́rìí. Mo sì sọ òtítọ́ fún un ní ojú ọ̀nà, pé kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì.

"Èmi náà ti fura," ó wí. Ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú. "Ka ohun tó sọ sí mi létí."

Mo kà á.

"Tún un kà. Ṣé ọ̀rọ̀ 'nù' wà níbẹ̀?"

"Kò sí, Mà."

"Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Àwa méjèèjì dúró bí ẹni ń retí igbe ọmọ tuntun. Ìgbà tí ẹnu ọ̀nà dìde, nọ́ọ̀sì tẹ orúkọ obìnrin Atosin náà, káàdì sì ṣí. Mátíróònù fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lójú gíláàsì títí ó fi kan orúkọ oògùn náà. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì retí rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀la, agogo mẹ́jọ, orí bẹ́ǹṣì."

"Mà, ṣebí ó ti ṣí?"

"Mo gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó láàárín àwọn aboyún ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Obìnrin Atosin náà wá jókòó tì mí, ó mí kanlẹ̀, ó bẹnu àtẹ́ lu bẹ́ǹṣì náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Bọ̀dá, oṣù mélòó ni tiyín?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Láti ojú fèrèsé, mátíróònù ní, "Ó ní ohun tó fẹ́ sọ fún ọ, jẹ́ kó sọ ọ́."

Mo tún ọ̀fun ṣe. Mo ní, "Ìyá wa, káàdì yín wà níbẹ̀."

Ó yí sí mi, ó ní, "Ṣé ó yẹ kó má sí níbẹ̀ ni?"

Dókítà tuntun náà ka káàdì, ó pààrọ̀ oògùn tó ti fẹ́ lò, obìnrin náà sì bímọ láyọ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Kò mọ̀ rárá pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti fi nǹkan kékeré kan kún ọmọ-ọ̀dọ̀ náà. Mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jíròrò rẹ̀ kí n tó ṣe é. Àwọn kan ní bí kò bá rí ìwé ìrántí rẹ̀, kó kígbe kó ṣubú lulẹ̀. Mo ní àrólé tó ń sunkún lójú ọ̀nà oko sàn ju èyí tó ń ṣán kòkó lọ, ṣùgbọ́n òun náà kò tíì rin ààlà. Ohun tí mo ṣe ni pé nígbà tí kò bá rí ìwé rẹ̀, yóò fọwọ́ lẹ́rán, yóò sì kọ èyí síta ní èdè Yorùbá: "Ẹ má bínú, n kò rí ìwé ìrántí mi. Ó ṣeé ṣe kí n ti débí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo ohun tó wà nílẹ̀ ná." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣẹ̀sín títí. Wọ́n ní ẹ̀rọ wo ló ń bẹ ènìyàn báyìí, bí àna tó wá tọrọ iyọ̀.

Àgbà ti ń kàn mí báyìí. Èmi náà ń gbàgbé nǹkan: mo máa ń wọ yàrá tán kí n tó bi ara mi pé kí ni mo wá ṣe. Bàbá àgbà ti lọ, àwa tó kù la ń rin ààlà. Ọ̀dọ́bìnrin kan láti Owena ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà nísinsìnyí, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ ní gbogbo ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí. Ó ní òun ń gbé sọ́fítíwíà tuntun mìíràn wọlé, ìwé ìrántí sì ṣáko lọ sí ibi tí òun kò mọ̀. Ó ní arúgbó inú ẹ̀rọ yẹn, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí mo fi sí ọmọ-ọ̀dọ̀ lẹ́nu, ń bẹ òun, òun sì ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọjá láìkà á.

Mo ní, "Kí lo wá ṣe?"

"Mo dìde, sà. Mo lọ wo àwọn ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Kí lo bá níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, sà. Kò sí ohun tí mo nílò láti ṣe."

Mo kí i, mo gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, bí iṣẹ́ tí mo ṣe bá ti pọ̀ tó ni orí mi ṣe ń wú tó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó pè mí yẹn, mo jókòó sí iwájú ilé mi, inú mi sì ń dùn, ó ń dùn ṣáá, nítorí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe.